Òkèèrè ni Olójú-Jíjìn ti í Mẹ́kún Sun: Ọ̀rọ̀ lórí Ìpá Inú Àyà Ọmọ Tuntun

  Ọ̀rọ̀ aboyún àti ọmọ tuntun ni ètò ti alẹ́ òní dá lé lórí. Ọ̀rọ̀ náà kan tọkùnrin tobìnrin, nítorí pé kò sí ilé tí kì í retí ọmọ.

Bí obìnrin bá ń rọbí ní ilẹ̀ Yorùbá, àdúrà kan ni ó máa ń wà lẹ́nu tẹbí tará: kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Àdúrà yìí jinlẹ̀ ju bí a ti ń gbà á lọ. Igbe àkọ́kọ́ tí ọmọ bá ké ni ó ń fi hàn pé afẹ́fẹ́ ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Títí di ìṣẹ́jú náà, ọmọ kò tíì fi imú ara rẹ̀ mí. Ibi ọmọ àti ìwọ́ ni ó ń bá a gba ọ́síjìn láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí igbe wọn kì í dún tó. Wọ́n á ké díẹ̀, ohùn á dá, ètè àti ahọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú bí aró. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, òmíràn nínú wọn á ti kú. Ohun tí ó ń fa irú ikú bẹ́ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tí ó ti wà lára ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún, tí ojú sì lè rí ní oṣù púpọ̀ kí a tó bí i. Òun ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

ORÚKỌ RẸ̀ ÀTI OHUN TÍ Ó JẸ́

Yorùbá mọ ìpá. Bí ìfun tàbí ohun mìíràn nínú ikùn bá gba ihò kan jáde kúrò ní àyè rẹ̀, tí ó lọ wú sí ibòmíràn, a ó ní ìpá ni. Èyí tí ojú ń rí ni àwọn baba wa fún lórúkọ. Èyí tí ó farapamọ́ sínú àyà ọmọ ìkókó kò ní orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá kú kí ó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ, ìdí ikú rẹ̀ a máa bá a wọlẹ̀ ni.

Iṣan fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà láàárín àyà àti ikùn ènìyàn. Ẹni tí ó bá ti kun ẹran iléyá rí ti fojú kàn án: òun ni awọ tí ó lẹ̀ mọ́ etí ìhà yíká, tí a gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ là kí ọwọ́ tó lè kan ọkàn àti fùkù. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìkélé àyà ni a ó máa pè é, nítorí iṣẹ́ tí aṣọ ìkélé ń ṣe ní iyàrá ni òun náà ń ṣe. Ó ya òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ìsàlẹ̀. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà lókè rẹ̀. Àpòlúkù, ẹ̀dọ̀ àti ìfun wà nísàlẹ̀. Ó tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tí aṣọ kò lè ṣe. Bí ó bá sún wálẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé; bí ó bá padà sókè, afẹ́fẹ́ á jáde.

Nígbà tí oyún kò tíì ju bí oṣù méjì lọ, ìkélé yìí kò tíì pé. Láti ọ̀nà púpọ̀ ni ẹran ara ti ń dàgbà wá pàdé ara wọn láti dí àlàfo tí ó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀. Ní ara ọmọ púpọ̀, àlàfo náà á dí pátápátá. Ní ara ọmọ kan nínú bí 3,000, kò ní í dí. Ihò á kù sílẹ̀ lẹ́yìn, ní apá òsì lọ́pọ̀ ìgbà, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ìfun á gba ibẹ̀ gòkè, àpòlúkù á tẹ̀lé e, ẹ̀dọ̀ pàápàá lè bá wọn lọ. Ní ọdún 1848, Vincent Bochdalek, ẹni tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀yà ara ní ìlú Prague, ṣe àpèjúwe irú ihò yìí, orúkọ rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn sì fi ń pè é títí di òní. Ní èdè tiwa, a lè pè é ní ìpá inú àyà.

Ẹnìkan lè rò pé ihò náà ni àrùn, pé bí a bá ti dí i, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àlejò tí ó wọ inú àyà gba àyè onílé. Àsìkò tí ìfun fi kún inú àyà náà ni ó yẹ kí ẹ̀dọ̀fóró máa yọ ẹ̀ka bí igi tí ń dàgbà. Nítorí pé àyè há, ẹ̀ka rẹ̀ kò ní í pọ̀ tó, yóò kéré, èyí tí ó wà ní apá kejì pàápàá kò ní í tó bí ó ti yẹ. Àwọn òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú rẹ̀ á nípọn, wọn á há, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní í ráyè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Nínú oyún, èyí kò ni ọmọ lára, nítorí ìwọ́ ni ó ń gbé e ró. Ọjọ́ tí a bá gé ìwọ́ ni ọ̀rọ̀ yóò di ojúlówó. Nítorí náà, ihò ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró tí kò dàgbà tó ni ó ń pa ọmọ.

ÌKÌRUN, ÌNÍSÀ ÀTI ÒKUKÙ: OHUN TÍ ORÚKỌ Ń SỌ FÚN NI

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ wá sílé. Ìkìrun ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Òkukù ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, abẹ́ rẹ̀ ni Ìnísà náà wà. Odò ni ó fún agbègbè náà lórúkọ, kò sì ṣàjèjì sí Yorùbá pé kí obìnrin lọ sí etí odò lọ tọrọ ọmọ. Àwọn ìlú wọ̀nyí mọyì ọmọ, wọ́n sì mọyì ọ̀rọ̀ ẹnu. Òkukù ni Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ kọ́ oríkì sí ní àwọn ọdún 1970, lẹ́nu àwọn obìnrin ìlú náà. Ní 1991 ni ìwé ńlá tí ó kọ lórí rẹ̀ jáde. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé orúkọ àti oríkì jẹ́ àkọsílẹ̀ fún àwọn tí kò fi kálàmù kọ nǹkan.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí á ka àkọsílẹ̀ kan. Málọmọ́. Kòkúmọ́. Dúrójayé. Dúrósinmi. Bánjókòó. Rẹ́milẹ́kún. Kò sí ìlú Yorùbá kan tí àwọn orúkọ wọ̀nyí kò sí. Ẹ̀bẹ̀ ni òmíràn nínú wọn, òmíràn jẹ́ ìrètí, òmíràn sì jẹ́ omijé tí a sọ di orúkọ. Wọ́n ń fi hàn pé ìyá náà ti sin ọmọ kí ó tó bí èyí. Àbíkú ni a pe àwọn tí ó lọ, a ní ọmọ kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Àwọn tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n wá ìdí fún, pẹ̀lú ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wọn.

Lónìí, ìmọ̀ ti fi kún ìmọ̀. A mọ̀ pé àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí tọkọtaya ń fi jíǹkí ọmọ láìmọ̀ lè mú kí ọmọ máa kú tẹ̀lé ara wọn. A mọ̀ pé ibà àti ìgbóná ara ń pa ọmọ. A sì mọ̀ pé àwọn ọmọ kan wà tí a bí pẹ̀lú àbùkù nínú ẹ̀yà ara. Ìpá inú àyà wà nínú àwọn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí ohun tí a ń pè ní àbíkú ní ọ̀nà kan tí ó yẹ kí gbogbo ìyá mọ̀: kì í sábà padà wá. Obìnrin tí ó bá bí ọmọ kan tí ó ní ìpá inú àyà, ó ṣeé ṣe gidigidi kí èyí tí yóò bí tẹ̀lé e pé pérépéré. Ohun tí obìnrin jẹ kọ́ ni ó fà á, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ibi tí ó rìn dé lọ́sàn-án gangan. Iyàwó kò jalè, ìyá ọkọ kò ṣépè. Àlàfo kan ni kò dí ní àkókò tí ó yẹ kí ó dí. Bí a bá fún ikú ọmọ ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹni tí kò ṣẹ̀ ni a ó máa fi ẹ̀sùn kàn, ẹni tí ó yẹ kí á gbà là ní ọjọ́ iwájú yóò sì tún bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

BÍ A ṢE Ń RÍ I NÍNÚ OYÚN

Ní ọdún 1958, Ian Donald, oníṣègùn àwọn obìnrin ní ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, gbé ìròyìn jáde pé ohùn tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ṣeé fi ya àwòrán inú ikùn. Ẹ̀rọ á rán ohùn náà wọ inú, ohùn náà á kan ẹran ara, á kan egungun, á kan omi, á sì padà wá bí gbohùngbohùn tí ń dáhùn láti orí òkè. Ẹ̀rọ náà á sọ gbohùngbohùn wọ̀nyí di àwòrán. Òun ni gbogbo ènìyàn ń pè ní sikáànù lónìí. Kò gé ni, kò jó ni, kì í sì í ṣe irú iná tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun.

Sikáànù kò ṣàjèjì mọ́ ní àwọn ìlú wa. Ohun tí ó kù ni bí a ṣe ń lò ó. Ìbéèrè mẹ́ta ni aláboyún púpọ̀ ń gbé lọ síbẹ̀: ọmọ ha wà láàyè bí? Báwo ni ó ṣe dùbúlẹ̀? Akọ ni tàbí abo? Òmíràn kò ní í lọ títí oyún yóò fi pé oṣù mẹ́jọ. Àwọn ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n wọn kò tó. Àsìkò tí ó dára jù láti wo ẹ̀yà ara ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan ni láàárín ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún sí ìkejìlélógún, bí oṣù márùn-ún. Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á sílẹ̀ pé ó yẹ kí aláboyún rí àwọn olùtọ́jú rẹ̀ ní ìgbà 8, ó kéré tán, kí wọ́n sì ya sikáànù fún un lẹ́ẹ̀kan kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24.

Kí ni oníṣẹ́ sikáànù yóò rí bí ìpá inú àyà bá wà? Ọkàn ọmọ yóò ti kúrò ní àyè rẹ̀, yóò ti sún sí apá ọ̀tún. Ní ẹ̀gbẹ́ ọkàn náà, àpò dúdú kan tí omi wà nínú rẹ̀ yóò hàn. Àpòlúkù ni, tí ó yẹ kí ó wà nísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó ń wá yóò tún wọn ìwọ̀n ẹ̀dọ̀fóró tí ó kù, yóò fi wé ìwọ̀n orí ọmọ, yóò sì wò ó bóyá ẹ̀dọ̀ ti gòkè. Ìwọ̀n wọ̀nyí ni a fi ń mọ̀ bóyá ọ̀ràn náà fúyẹ́ tàbí ó wúwo. A ó tún yẹ ọkàn ọmọ wò dáadáa, nítorí àbùkù mìíràn a máa bá a rìn nígbà púpọ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ojú ń rí. Ní àwọn ilẹ̀ tí ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ pọ̀ pàápàá, àwọn kan ń yọ́ kọjá. Ṣùgbọ́n èyí tí a rí nínú wọn ju ìdajì lọ.

Òkèèrè ni olójú-jíjìn ti í mẹ́kún sun. Ẹni tí ó mọ̀ pé ojú òun jìn kì í dúró de ìgbà tí òkú bá délé. Ohun tí sikáànù oṣù karùn-ún ń fún ni nìyẹn: oṣù mẹ́rin tí a ó fi múra.

Ọ̀NÀ MÉJÌ LÁTI ÌNÍSÀ

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ wò ó. Bí ẹni pé obìnrin méjì wà ní Ìnísà, tí ọmọ inú àwọn méjèèjì ní ìpá inú àyà kan náà.

Èkíní kò mọ̀. Alẹ́ ni ó rọbí, ilé ìgbẹ̀bí tí ó súnmọ́ ọn ni wọ́n gbé e lọ. Ìrọbí náà rọrùn, ọmọ náà tóbi dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè mí. Agbẹ̀bí ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ: ó fi ìbòmú bo ẹnu àti imú ọmọ, ó ń fún afẹ́fẹ́ sí i. Ìtọ́jú tí ó ń gba ọ̀pọ̀ ọmọ là ni èyí. Lára ọmọ yìí, àpòlúkù àti ìfun tí ó wà nínú àyà ni afẹ́fẹ́ náà ń wọ̀, ó ń wú wọn bí fèrè rọ́bà, wọ́n sì ń fún ẹ̀dọ̀fóró tí ó kéré tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n wá ọkọ̀. Wọ́n gba Ìkìrun lọ sí Òṣogbo lóru, láìsí ọ́síjìn, láìsí ooru tí ó tó. Kò ṣòro láti mọ bí ìrìn náà yóò ṣe parí.

Èkejì ti mọ̀ láti oṣù karùn-ún. Wọ́n ti kọ̀wé fún un láti ilé ìwòsàn tí ó forúkọ sí. Ó ti lọ sí Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èyí tí a ń pè ní LAUTECH tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀ dáadáa, wọ́n sì ti bá àwọn oníṣẹ́ abẹ sọ̀rọ̀. Bí ọ̀ràn bá ju ibẹ̀ lọ, Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1975, UCH sì wà ní Ìbàdàn láti 1957. Kí oṣù tó pé, ó ti lọ gbé ọ̀dọ̀ ará tàbí ọ̀rẹ́ tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ìwòsàn. Inú ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà gbé rìnrìn àjò. Kò sì sí ọkọ̀ tí ó sàn ju inú ìyá lọ.

Ọgbọ́n kan ṣoṣo tí ó wà nínú àpẹẹrẹ yìí nìyẹn. Àwọn méjèèjì gba ọ̀nà kan náà kọjá Ìkìrun. Ọ̀kan kọjá kí ó tó bímọ, èkejì kọjá lẹ́yìn tí ó bí i. Àyẹ̀wò nìkan kò wo ọmọ sàn. Ohun tí ó ṣe ni pé ó jẹ́ kí a yan ibi tí a ó bí i sí.

Ṣùgbọ́n nítorí pé a kò lè rí gbogbo rẹ̀ ṣáájú, ó yẹ kí agbẹ̀bí tí ó wà ní Òkukù tàbí Ìnísà mọ àmì rẹ̀ lójú. Ikùn ọmọ náà a máa tẹ́ wọnú bí ọpọ́n, àyà rẹ̀ a máa rí bí ẹni wú, ìró ọkàn rẹ̀ yóò máa dún ní ọ̀tún dípò òsì, ìmí rẹ̀ yóò sì máa le sí i. Bí àmì wọ̀nyí bá pé, àwọn tí a kọ́ ní iṣẹ́ ìṣègùn mọ̀ pé kí wọ́n yẹra fún fífi ìbòmú fún afẹ́fẹ́, kí wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba imú tàbí ẹnu wọ àpòlúkù láti fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jáde. Bí agbára bá wà, wọn á ti rọ́bà mìíràn wọ ọ̀nà èémí gan-an, kí ọ́síjìn lè lọ tààrà sí ibi tí ó yẹ. Kí ara ọmọ móoru, kí orí rẹ̀ ga díẹ̀, kí a sì tẹ ilé ìwòsàn ńlá láago kí ọkọ̀ tó gbéra.

IṢẸ́ ABẸ: OHUN TÍ A BÁ FẸ̀SỌ̀ MÚ

Ní 1946, Robert Gross, oníṣẹ́ abẹ àwọn ọmọdé ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ròyìn iṣẹ́ abẹ tí ó ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé wákàtí 24 láyé, ọmọ náà sì yè. Fún nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ìgbàgbọ́ àwọn oníṣègùn ni pé bí a bá ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí a sáré gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n rò pé ìfun tí ó wà nínú àyà ni ó ń pa á. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí i pé ìkánjú náà kò gba ọmọ là tó bí wọ́n ti rò. Ọmọ tí òpó ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣì há kò lè fara da abẹ.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ohun tí wọ́n ń ṣe lónìí ni pé kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ máa bá ọmọ mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìfi agbára ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró tí kò lágbára. Wọn á fún un ní oògùn tí yóò mú kí ẹ̀jẹ̀ rìn. Bí ara rẹ̀ bá rọ̀, lẹ́yìn ọjọ́ kan, méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni a ó tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Oníṣẹ́ abẹ á la abẹ́ ìhà, á fa ìfun àti àpòlúkù padà wálẹ̀ jẹ́jẹ́, á sì rán ihò náà pa. Bí ihò bá tóbi jù, tí etí rẹ̀ kò lè pàdé, a ó lẹ ohun kan tí a fi ọwọ́ ṣe mọ́ ọn, bí ìgbà tí aránṣọ bá lẹ aṣọ.

Àwọn ọmọ kan wà tí gbogbo èyí kò tó fún. Ní 1975, ní California, Robert Bartlett fi ẹ̀rọ kan tí ń gba iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe gba ọmọ tuntun kan là. Irú ẹ̀rọ yẹn ti ran àwọn ọmọ tí ó ní ìpá inú àyà lọ́wọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ àti iye òṣìṣẹ́ tí ó ń fẹ́ kò kéré. Ní àwọn ilé ìwòsàn wa, ẹ̀rọ amúnimí tí ó ń ṣiṣẹ́, iná tí kò kú, ọ́síjìn tí kò tán àti nọ́ọ̀sì tí ó mọ ìtọ́jú ìkókó ni ó kọ́kọ́ jẹ wá lógún.

Ìyàtọ̀ tí èyí ń mú wá ti hàn nínú ìṣirò. Ní 2021, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn 264 ní orílẹ̀-èdè 74, lórí àrùn méje tí a ń bí mọ́ ọmọ, tí ìpá inú àyà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nínú ọmọ 100 tí ó ní àwọn àrùn wọ̀nyí, bí 40 ni ó kú ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tálákà jù. Ní àwọn tí ó wà ní àárín, bí 20 ni. Ní àwọn tí ó lọ́rọ̀, kò pé 6. Ọmọ kan náà ni, àrùn kan náà ni. Ibi tí a bí i sí ni ó yàtọ̀.

IṢẸ́ TÍ A Ń ṢE NÍNÚ OYÚN

Ó wá ku ìbéèrè kan: ǹjẹ́ a lè tọ́jú ọmọ kí a tó bí i? Michael Harrison àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní San Francisco ni ó ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí. Ní 1990, wọ́n ròyìn pé àwọn ti la ikùn ìyá, wọ́n ti dí ihò ìkélé àyà ọmọ tí ó wà nínú oyún, ọmọ náà sì yè. Ìṣòro iṣẹ́ náà pọ̀ fún ìyá àti ọmọ, nítorí náà wọ́n wá ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ṣàkíyèsí pé omi ni ẹ̀dọ̀fóró ọmọ inú oyún ń sun, ó sì ń tú u jáde. Bí a bá dí ọ̀nà èémí fún ìgbà díẹ̀, omi náà á dúró, á sì mú kí ẹ̀dọ̀fóró fẹ̀.

Jan Deprest ní Leuven, ilẹ̀ Belgium, àti Kypros Nicolaides ní London wà lára àwọn tí ó mú ọgbọ́n yìí débi tí ó dé. Ohun èlò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní ojú ni wọ́n fi ń gba ikùn ìyá wọlé, tí wọ́n á fi fèrè rọ́bà kékeré kan sí ọ̀nà èémí ọmọ. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélọ́gbọ̀n, wọ́n á yọ ọ́. Ní 2021, ìwádìí lára obìnrin 80 tí ọ̀ràn ọmọ wọn wúwo jù fi hàn pé 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó yè nínú àwọn tí a ṣe é fún, tí 15 nínú ọgọ́rùn-ún sì yè nínú àwọn tí a kò ṣe é fún. Nínú àwọn tí ọ̀ràn tiwọn kò wúwo tó bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ tí ó hàn kò tó ohun tí a lè gbẹ́kẹ̀lé. Iṣẹ́ náà sì ń mú kí omi tètè ya, kí a sì bí ọmọ kí oṣù rẹ̀ tó pé. Kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn nílò. Ó sì dára kí á rántí pé nínú àwọn tí ọ̀ràn wọn wúwo jù, àwọn tí ó kú ṣì pọ̀ ju àwọn tí ó yè lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé irú iṣẹ́ yìí kọjá ọwọ́ ọmọ Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúyínká Olútóyè, ẹni tí ó kàwé gboyè ìṣègùn ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1988, wà nínú àwọn tí ayé mọ̀ nínú iṣẹ́ abẹ ọmọ inú oyún. Ní 2016, ní Texas, òun àti Darrell Cass gbé ọmọ kan tí oyún rẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ 23 lọ jáde díẹ̀ kúrò nínú ilé ọmọ, wọ́n gé kókó ńlá tí ó wà ní ìdí rẹ̀, wọ́n dá a padà, wọ́n sì rán ibẹ̀ pa. Nígbà tí ó tó àkókò, a tún bí ọmọ náà. Ní 2019, ó di olórí àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Columbus, Ohio. Ifẹ̀ tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ kò jìnnà sí Ìkìrun. Ọpọlọ kò wọ́n wa. Ohun tí ọpọlọ yóò fi ṣiṣẹ́ ni ó wọ́n.

OHUN TÍ Ó KAN OLÙKỌ́ ÀTI AKẸ́KỌ̀Ọ́

Ìjọba ní ipa tirẹ̀, pàápàá nípa ẹ̀rọ, òṣìṣẹ́ àti ètò adójútòfò ìlera tí yóò mú kí owó má ṣe dí aláboyún lọ́nà. Àwọn ọkọ ní ipa tiwọn, nítorí ọ̀pọ̀ obìnrin ni kò lè lọ sí Òṣogbo bí ọkọ kò bá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní ipa tí ẹlòmíràn kò lè gbà ṣe. Àwọn ni ó mọ ìwé, tí wọ́n sì mọ èdè ìyá wọn. Ní Òkukù, ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà láàárín ìlú tí àwọn ìyá àgbà ṣì mọ oríkì. Bí ọ̀rọ̀ ìṣègùn bá wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan, etí ìyá àgbà tí ó ń pinnu ibi tí ìyàwó ilé yóò bímọ sí kò ní í gbọ́ ọ.

Nítorí náà, kí olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí fi ẹran tí a kun ṣàlàyé ìkélé àyà fún àwọn ọmọ kíláàsì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó lóyún pé kí ó lọ ya sikáànù ní oṣù karùn-ún, kí ó sì béèrè ohun tí ó ju akọ tàbí abo lọ. Kí ó sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo àyà ọmọ, ẹ bá mi wo ikùn rẹ̀. Ohun gbogbo ha wà ní àyè rẹ̀ bí?" Ìbéèrè kékeré ni, ṣùgbọ́n ó lè yí ọ̀nà ọkọ̀ padà.

Ẹ̀yin òǹwòran wa, àdúrà àwọn baba wa kò yẹ̀: kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Ẹni tí ó bá ń gba àdúrà yìí ní oṣù kẹsàn-án, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti oṣù karùn-ún. Gbogbo aboyún tí ń wò wá, àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o.